Èmi Ni Mo Gé Sùtánà Náà

Èmi ni mo gé e. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ka ọ̀rọ̀ mi dé ìdajì kó ti máa pè mí ní ọmọlúàbí. Kì í ṣe Rodiat, kì í ṣe Àǹtí Memunat. Èmi Tẹjúmádé ni, télọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Àjàó Estate, tí àwọn oníbàárà ń yìn pé kì í ba aṣọ ẹni jẹ́. Ọwọ́ mi ló di sísọ́ọ̀sì mú, ojú mi sì là kedere.

Ilé kan náà làwa mẹ́ta jọ ń gbé ní Mafoluku nígbà yẹn, yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo fún gbogbo ilé. Àǹtí Memunat ló dàgbà jù nínú wa. Òṣogbo ni wọ́n ti wá, ìyá wọn sì ń rẹ aṣọ láró níbẹ̀ kí ojú ìyá náà tó di bàìbàì. Rodiat ní tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú. Òun ló gbé fóònù wá lọ́jọ́ kan tó fi aṣọ ìbora kan hàn wá, èyí tí wọ́n fi ègé aṣọ kéékèèké olóríṣiríṣi àwọ̀ kàn pọ̀. Kúìlìtì lòyìnbó ń pè é.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa," ló wí. "Àǹtí á kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́, Tẹjú á gé e, á rán an. Kálukú wa á ní ọ̀kan tó máa gbé wọlé ọkọ."

"Ọkọ dà?" ni mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín, ó wolẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí ọkọ tiẹ̀ wà.

Olúsọjí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka apá ibí yìí, torí ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ mi ni Sọjí kọ́kọ́ wá. Fíríìjì àti ẹ́sì ló ń tún ṣe. Irin kan ló ya ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, ó sì yà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó jókòó títí mo fi rán an tán, ó ń sọ̀rọ̀ fíríìjì kan bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, mo sì rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún mi lọ́wọ́. Ó padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó ní bọ́tìnnì òun já. Ìgbà kẹta tó wá, Rodiat wà lọ́dọ̀ mi, ó ń jẹ gúgúrú. Láti ọjọ́ náà, bí Sọjí bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, á kọ́kọ́ wo inú ṣọ́ọ̀bù yíká kó tó rántí kí mi.

Bí mo ṣe di alárinà wọn nìyẹn. Èmi ni mò ń jíṣẹ́, èmi ni mò ń parí ìjà, ẹ̀rín ò sì kúrò lẹ́nu mi. Ìlara ni, mi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ Sátidé tí a fẹ́ rẹ aṣọ, Sọjí gbé àpò ńlá kan dé láti Èjìgbò, níbi tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé.

"Màámi ní kí n kó àwọn bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àtijọ́ tó wà lórí àpótí fún yín," ló wí.

Àǹtí Memunat kì í gba aṣọ lójú lásán. Wọ́n fa fọ́nrán òwú kan yọ létí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣáná sí i. Èyí tó bá jó di eérú, òwú gidi ni. Èyí tó bá yọ́ bí ọ̀rá, wọ́n á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọ̀rá ò gbàró," ni wọ́n ń wí. "Ẹ má bá mi fi kọ́sítíìkì ṣòfò. Rodiat, ìbọ̀wọ́ ẹ dà? Kọ́sítíìkì inú aró máa bó ẹ lọ́wọ́ o! Àbí o fẹ́ fi ọwọ́ bíbó wọlé ọkọ ni?"

"Àǹtí, ẹ̀yin náà!" ni Rodiat wí, ó ń wo Sọjí láti abẹ́ ojú.

Ẹ̀yinná ń jó lábẹ́ ìkòkò omi. Rodiat ń fi okùn ìko di aṣọ ní kókó kókó, Sọjí ń bá a fà á le. Nígbà tí wọ́n yọ ègé àkọ́kọ́ jáde nínú aró, àwọ̀ ewé ló ní. A rò pé ó ti bàjẹ́. Àǹtí Memunat ní ká dúró. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, àwọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú wa, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dúdú minimini. Rodiat pariwo ayọ̀, ó fi ìbọ̀wọ́ tó kún fún aró di Sọjí lápá mú, aró yí i láṣọ. Sọjí kò bínú. Ó wò ó bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn nínú àgbàlá náà.

Èmi wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń gé aṣọ. Mo ti gé bẹ́ẹ̀dìṣíìtì mẹ́ta tán nígbà tí ọwọ́ mi kan ọ̀rá kan nísàlẹ̀ àpò. Aṣọ inú rẹ̀ funfun ju gbogbo ìyókù lọ, ó ń rùn káńfọ̀, wọ́n sì ká a bí ohun tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Mo tú u. Sùtánà ni. Wọ́n fi òwú búlúù rán orúkọ sínú kọ́là rẹ̀: Ọlálérè. Orúkọ bàbá Sọjí nìyẹn, mo mọ̀. Mo mọ̀ pé bàbá náà ti kú. Ọmọ ìjọ aládùúrà sì ni èmi náà. Kò sẹ́ni tó ní láti là á yé mi ohun tí sùtánà olóògbé jẹ́ fún opó rẹ̀.

Ó yẹ kí n pe Sọjí. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàárín wa. Mo gbójú sókè láti pè é, mo rí i tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu aró kúrò létí Rodiat. Mo bá dorí kodò, mo sì gé e. Kọ́là ni mo kọ́kọ́ gé kúrò, mo jù ú sínú iná abẹ́ ìkòkò. Títí dòní, bí mo bá bi ara mi léèrè ohun tí mò ń wá, n kì í rí èsì tó dáa fún ara mi.

Nígbà tó yá, Rodiat wá kó àwọn ègé náà. "Háà, èyí mà funfun o! Níbo lo ti rí i?"

"Inú àpò náà ni," ni mo dáhùn.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ìyá Sọjí fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá sùtánà ọkọ rẹ̀, torí ìrántí ọdún karùn-ún ti dé. Ó ti yọ ọ́ síta láti pààrọ̀ káńfọ̀ rẹ̀, ó gbé e lé orí àpótí, ó gbàgbé. Sọjí sì ti kó gbogbo ohun tó wà lórí àpótí. Sọjí sáré wá sí Mafoluku. A tú ègé aṣọ wa sílẹ̀ lórí ẹní. Ọ̀kan ní ẹnu àpò, òmíràn ní etí apá, gbogbo wọn ti gba aró.

"Ta ló gé e?" ni Sọjí bi wá.

Mo dorí kodò, mo ń to àwọn ègé náà. Rodiat wò mí, ó wo Àǹtí Memunat, ó sì kúnlẹ̀.

"Àwa ni," ló wí. "Àwa la gé e. Sọjí, jọ̀ọ́, a ò mọ̀."

Òun nìkan ló tẹ̀ lé e lọ sí Èjìgbò láti lọ bẹ ìyá rẹ̀. Màmá kò fẹ́ Rodiat tẹ́lẹ̀, nítorí pé mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò fún un ní ohun tó lè dì mú. Ó wá rí i dì mú wàyí. Sọjí sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Rodiat wà lórí eékún títí tíì Màmá fi tutù tán lórí tábìlì.

"Sùtánà yẹn lọmọ mi ìbá wọ̀ lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ìgbéyàwó ẹ̀," ni Màmá wí. "Bàbá ẹ̀ ló fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ lórí ibùsùn àìsàn. Ẹni tí ò mọ̀ pé sùtánà kì í ṣe àkísà, báwo ló ṣe fẹ́ wọlé mi? Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́, ẹ ní mò ń bá ẹ̀sìn jà."

Lọ́jọ́ kejì, Rodiat wọ yàrá mi. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Tẹjú, bá mi lọ bẹ Màmá. Wọ́n fẹ́ràn ẹ. Tó bá jẹ́ ìwọ lo sọ̀rọ̀, wọ́n á gbọ́."

Mo lọ. Mo búra fún ara mi lójú ọ̀nà pé màá jẹ́wọ́, mo tilẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí ọmọ tó fẹ́ ka àkọ́sórí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá gbé omi tútù fún mi, wọ́n fẹ́ kí n jẹun. Wọ́n bi mí léèrè ìyá mi. Lẹ́yìn náà wọ́n mí kanlẹ̀.

"Tẹjúmádé, ìwọ tó o jẹ́ télọ̀, tó o tún jẹ́ ọmọ aládùúrà. Níbo lo wà nígbà tí wọ́n ń gé e? Ká ní o wà nítòsí ni, o ò bá ti dá wọn dúró."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń kà látòwúrọ̀ wà lórí ahọ́n mi. Mo wo ojú wọn. Mo rí bí wọ́n ṣe ń wò mí, bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ní láárí.

"N kò sí níbẹ̀, Mà," ni mo wí. "Mo ti jáde lọ ra omi."

"Mo mọ̀," ni Màmá dáhùn, wọ́n sì fọwọ́ pa mí lórí.

Mo padà sílé, mo sọ fún Rodiat pé Màmá kò gbọ́.

"Kí lo sọ fún wọn?" ló bi mí.

"Mo bẹ̀ wọ́n."

"Ó dáa," ló wí. "O ṣeun." O ṣeun yẹn ni mo fi sùn, òun ni mo fi jí, fún ọjọ́ pípẹ́.

Sọjí jà fún un fún oṣù mẹ́rin. Rodiat fúnra rẹ̀ ló wá fòpin sí i, ó ní òun ò lè wọ ilé tí wọ́n á ti máa ṣọ́ òun bí olè. Ó kó kúrò ní Mafoluku, ó gba yàrá kan ní Ìsọlọ̀. Àǹtí Memunat ní kí n parí kúìlìtì náà. Mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ mi bàjẹ́.

Ọdún kan àbọ̀ kọjá kí Sọjí tó tún fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti gbẹ díẹ̀. Kò mú aṣọ kankan lọ́wọ́. Ó kàn jókòó sórí àga oníbàárà, ó ń wo bí mo ṣe ń rán etí búláùsì. Ó tún wá lọ́sẹ̀ kejì. Ó tún ẹ́sì ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi ṣe fún ọjọ́ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wákàtí méjì ni. Mo mọ ohun tó ń ṣe. Ó yẹ kí n lé e. Mo ń dáná lọ́sàn-án, mo ń bu oúnjẹ tiẹ̀ sọ́tọ̀, mo sì ń sọ fún ara mi pé oúnjẹ lásán ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò há wa mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù, ó dédé rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o mọ̀ pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi já bọ́tìnnì ọjọ́sí? Ìwọ ni mo kọ́kọ́ rí, Tẹjú. Ìgbà tó yá, mi ò mọ bí ojú mi ṣe yà. Ṣé o lè fẹ́ mi báyìí?"

Mo bú sẹ́kún. Ó rò pé ayọ̀ ni, ó fà mí mọ́ra. Ayọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, mi ò ní purọ́, ó pọ̀ débi pé ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo gbà.

Inú Màmá dùn bí ẹni tí àdúrà rẹ̀ gbà. Mo pe Rodiat lórí fóònù, mo sọ fún un pé mo fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

"Mo ti gbọ́," ló dáhùn. "Ẹ kú oríire." Kò bínú, kò sì béèrè ọjọ́.

Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí Màmá ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n gbé aṣọ funfun tuntun kan lé mi lórí itan, òwú gidi.

"Rán sùtánà fún ọkọ ẹ, èyí tó máa wọ̀ lọ́jọ́ ìdúpẹ́," ni wọ́n wí. "Kó rí bíi ti bàbá ẹ̀. Mi ò lè gbé e fún télọ̀ mìíràn, ìwọ nìkan lọkàn mi balẹ̀ sí."

Ọjọ́ mẹ́ta ni aṣọ náà fi wà lórí tábìlì mi. Mo fi ìwọ̀n sí i, mo fi ẹfun fa ìlà, ṣùgbọ́n bí mo bá ti mú sísọ́ọ̀sì, màá tún gbé e sílẹ̀. Mo lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀, bí èmi ṣe rò ó nìyẹn. Mo lè rán an, kí Sọjí wọ̀ ọ́, kí n bí ọmọ, kí n dàgbà nínú ilé yẹn, kí Màmá máa pè mí ní ọmọ gidi títí wọ́n á fi kú. Bí ó ṣe rọrùn tó yẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo ká aṣọ náà láìgé, mo gbé e lọ sí Èjìgbò.

Sọjí wà níbẹ̀, ó ń mu gààrí. Mo kúnlẹ̀ láàárín òun àti Màmá.

"Màmá, èmi ni mo gé sùtánà Bàbá. Rodiat ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Mo rí orúkọ, mo mọ̀ pé tiwọn ni, mo sì gé e. Ọjọ́ tí mo ní n kò sí níbẹ̀, irọ́ ni mo pa."

Ṣíbí Sọjí dúró sínú gààrí.

"Kọ́là ńkọ́?" ni Màmá bi mí. "Orúkọ wà nínú kọ́là."

"Mo jù ú síná, Mà."

"Nítorí kí ni?" Sọjí ló béèrè. Mi ò gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Nítorí tìẹ," ni mo dáhùn. "Mo rí bó o ṣe ń wò ó."

Ó dìde, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ọkàn mi tẹ̀ lé e, eékún mi kò gbéra. Mo rò pé Màmá máa gbá mi létí. Mo tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n gbá mi. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí ìró nu ojú.

"Mo lé ọmọ ọlọ́mọ," ni wọ́n wí. "Ó kúnlẹ̀ síbi tó o kúnlẹ̀ sí yìí gan-an, mo sì lé e." Wọ́n nu ojú tán. "Dìde. Èmi kọ́ lo máa kúnlẹ̀ fún. Aṣọ kan lèmi pàdánù, kí ni Rodiat pàdánù? Lọ bá a. Bó bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá síbí láti bá ẹ bẹ̀bẹ̀, ìyàwó ọmọ mi ni ẹ́. Bí ò bá wá, ká jọ dákẹ́ síbẹ̀."

Mo bá Rodiat ní ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ní Ìsọlọ̀, ó ń fọ yunifọ́ọ̀mù iṣẹ́. Mo kúnlẹ̀ sórí omi ọṣẹ. Mo sọ ọ́ fún un látòkè délẹ̀, mo sì sọ ohun tí Màmá wí. Kò dá aṣọ fífọ̀ dúró.

"Mo mọ̀," ló wí.

"Kí lo mọ̀?"

"Mo rí ẹ tó o ju nǹkan funfun síná. Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Ìgbà tí Màmá ń sunkún kọ́là níwájú mi ló yé mi." Ó fún aṣọ náà, ó gbọ̀n ọ́n. "Kí lo rò pé mo rán ẹ sí Èjìgbò fún, Tẹjú? Ṣé mi ò lẹ́nu tí mo lè fi bẹ̀bẹ̀ fúnra mi ni? Mo ní kí n má tú ẹ fó. Mo ní bó o bá dé iwájú wọn, o máa sọ ọ́."

Mi ò lè gbé orí sókè. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tí mo ń rò pé èmi nìkan ló mọ̀, ó ń dúró dè mí.

"Ṣé o ṣì fẹ́ràn ẹ̀?" ni mo bi í.

"Ìyẹn ò kàn ẹ́ mọ́."

Ó sá aṣọ tán. Ó wọlé, ó pààrọ̀ híjáàbù, ó sì ní kí n jókòó sínú yàrá dè òun. Mo jókòó sétí ibùsùn rẹ̀ fún bí wákàtí mẹ́ta. Mo ń bẹ Ọlọ́run kó bá mi mú ọkàn Màmá rọ̀, ojú sì ń tì mí pé àdúrà ni mò ń gbà.

Oòrùn ti rọlẹ̀ nígbà tó dé. Ó bọ́ bàtà, ó bu omi mu.

"Wọ́n gbà," ló wí. "Sọjí ò tíì fẹ́ rí ẹ lónìí. Ó ń bọ̀ lọ́la. Kó o jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán kó o tó sunkún."

"Rodiat, kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní o kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo ní o fẹ́ràn ọmọ wọn dénú, pé ohun tó o ṣe lẹ́ẹ̀kan kọ́ ni gbogbo ayé ẹ. Mi ò sinmi títí wọ́n fi gbà." Ó gbé ife omi sílẹ̀. "Bó ṣe yẹ kó o bẹ̀ wọ́n fún mi ni mo ṣe bẹ̀ wọ́n."

Mo na ọwọ́ sí i. Ó sún sẹ́yìn.

"Má fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí mi," ló wí jẹ́ẹ́. "Má sì pè mí lórí fóònù mọ́. Ó ti tán."

Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Ìgbà tí mo dé ojú títì ni mo rántí pé n kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sáré padà, ó ti tì í.